Bí a ṣe ń to ilé oúnjẹ àdàlù Éṣíà kékeré, pẹ̀lú báà, ní Abẹ́òkúta

Obìnrin kan gba ṣọ́ọ̀bù méjì tó fara kan ara wọn ní Òkè-Ìlewó, ó ní kí bíríkìlà wó ògiri àárín, ó wá pè mí pé kí n wá bá òun ṣe inú ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Kí n tó débẹ̀, ó ti ra fìtílà oníbébà pupa mẹ́rìnlélógún, ère dírágónì méjì, àti orí Búdà kan tó tóbi ju orí màlúù lọ. Mo bi í pé níbo ni iná ìdáná máa wà. Ó ní a máa rí i tó bá yá. Mo ní kó dá gbogbo ẹrù yẹn padà sínú páálí, kó rán ọmọ lọ ra ṣọ́ọ̀kì.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ yẹn ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ láti òkè délẹ̀. Ó gùn ní mítà 11, ó fẹ̀ ní mítà 6, gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ mítà 66 níbùú lóròó. Bí tiyín bá kéré sí i tàbí tó tóbi jù ú lọ, ẹ dín in kù tàbí kí ẹ bù sí i, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe yí bí iṣẹ́ ṣe tẹ̀ léra padà. Ohun tó ń náni lówó lẹ́ẹ̀mejì ni kí èèyàn kun ọ̀dà kó tó lu ihò páìpù.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ jẹ́ kí oúnjẹ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀

Ẹni tó bá ti se àdàlù rí mọ̀ pé ẹ̀wà kì í di àgbàdo nínú ìkòkò, àgbàdo náà kì í di ẹ̀wà. Epo àti ata ló ń so wọ́n pọ̀. Ohun tí àwọn olóyìnbó ń pè ní fusion kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìrẹsì Ọ̀fadà tí a din nínú wọ́ọ̀kì (páànù jíjìn ti àwọn ará Ṣáínà), núdù tí a fi sùyà lé lórí, ọbẹ̀ ayamáṣe nínú búrẹ́dì tí wọ́n fi ooru omi sè bí ti àwọn ará Ṣáínà. Bí inú ilé ṣe gbọ́dọ̀ rí náà nìyẹn. Ẹ wá epo tó máa so Abẹ́òkúta àti Éṣíà pọ̀, kó má jẹ́ pé ògiri kan jẹ́ Ṣáínà, èkejì jẹ́ Ẹ̀gbá, tí àwọn méjèèjì ń wo ara wọn bí ọ̀tá. Mo máa sọ ohun tí mo rò pé epo yẹn jẹ́ tí a bá dé orí aṣọ.

Ṣùgbọ́n kí a tó débẹ̀, ẹ kọ orúkọ gbogbo oúnjẹ tí ẹ fẹ́ máa tà sórí ìwé, kí ẹ sì kọ irú iná tó máa sè é sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ wọ́ọ̀kì, iná ńlá àti èéfín ńlá ni. Bí ó bá jẹ́ súṣì, ìrẹsì àti ẹja tí a kò sè ti àwọn ará Jàpáàn, iná kò pọ̀, àmọ́ òtútù ló máa gba owó yín, nítorí ẹja tí a máa jẹ ní tútù kò gbọdọ̀ rí ooru rárá, bẹ́ẹ̀ iná ìjọba ń lọ ó ń bọ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹran tí oníbàárà ń fúnra rẹ̀ sun lórí tábìlì bí ti Kòríà, tábìlì kọ̀ọ̀kan ló máa nílò ọ̀nà èéfín tirẹ̀. Nínú ilé tí kò ju mítà 66 lọ, mi ò ní bá yín dá a lábàá. Oúnjẹ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá tó. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ibi ìdáná máa bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àyè tábìlì.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ya ilé náà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀kì

Kí ẹ tó wó ògiri kankan, kí ẹni tó mọ̀ nípa ilé kíkọ́ wò ó bóyá òun kọ́ ló gbé òrùlé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbálẹ̀ dáadáa, kí ẹ fi tépù àti ṣọ́ọ̀kì ya ohun gbogbo bí yóò ṣe tóbi gẹ́lẹ́. Àwòrán orí fóònù dára fún fífi han ọkọ tàbí aya, àmọ́ kì í jẹ́ kí èèyàn mọ̀ pé ìdí òun kò ní gba ibẹ̀ kọjá.

Bí a ṣe pín ti Òkè-Ìlewó nìyí: ibi ìdáná gba mítà 18 níbùú lóròó, tọ́ílẹ́ẹ̀tì méjì pẹ̀lú ibi ìfọwọ́ gba 5, yàrá ẹrù gba 4, báà àti ẹ̀yìn rẹ̀ gba 8. Mítà 31 ló ṣẹ́ kù fún àwọn tó ń jókòó. Bí a bá yọ nǹkan bíi 4 fún àwọn tó máa jókòó sí ojú báà, 27 ló kù, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ń gba nǹkan bíi mítà kan àti díẹ̀, pẹ̀lú ọ̀nà tó máa gbà kọjá. Ogún àga ló wọ̀ ọ́, pẹ̀lú mẹ́fà ní báà. Obìnrin náà fẹ́ ogójì. A to ogójì fún un nínú ṣọ́ọ̀kì, mo ní kó gbé tíréè kó rìn láàárín wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló pa àmì mẹ́rìnlá rẹ́.

Àwọn ìwọ̀n tí ẹ lè gbẹ́kẹ̀ lé: ojú tábìlì máa ga ní sẹ̀ǹtímítà 75, ìjókòó àga ní 45. Ẹnì kan nílò 60 níbùú kí ìgbọ̀nwọ́ má baà gbá ẹnì kejì. Tábìlì ẹni méjì lè jẹ́ 60 sí 70. Ọ̀nà tí olùgbóúnjẹ ń gbà gbọ́dọ̀ tó 90, kó má sì sí ẹsẹ̀ àga nínú rẹ̀ nígbà tí èèyàn bá jókòó sórí àga náà, nítorí àga tí ẹnì kan wà lórí rẹ̀ máa ń jìnnà sí tábìlì ju èyí tó ṣófo lọ.

Ohun tí àwọn ìwé oyìnbó kò ní sọ fún yín ni ọ̀rọ̀ aṣọ wa. Tó bá di ọ̀sán Sátidé, òde ìnáwó á tú, àwọn èèyàn á wọlé tọ̀ yín wá pẹ̀lú agbádá àti gèlè. Apá agbádá lè gbá gíláàsì mẹ́ta lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, àga tí kò ní apá ni kí ẹ rà. Ẹ kan ìkọ́ sí ara ògiri fún agbádá tí wọ́n bá bọ́, ẹ sì kan òmíràn sábẹ́ báà fún àpò ọwọ́. Ní ti gèlè, ó ń fi ohun tó tó ìwọ̀n àtàǹpàkò sí ìka kékeré kún orí èèyàn, ìgbà mìíràn ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má gbàgbé ìyẹn tí ẹ bá ń so iná tàbí aṣọ ẹnu ọ̀nà kọ́. Àwọn èrò òde kì í dá wá, mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ni wọ́n ń wá, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn tábìlì kékeré onígun mẹ́rin tó ṣeé sún pọ̀. Tábìlì róbótó ńlá tó ń yí po láàárín, èyí táwọn ará Ṣáínà ń jẹun lé, lẹ́wà gan-an, àmọ́ ẹyọ kan ṣoṣo lè gba àyè tábìlì mẹ́ta, bí èèyàn méjì bá sì jókòó sí i, owó yín ń sùn.

Ibi ìfọwọ́ kò gbọdọ̀ wà nínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì nìkan. Àwọn kan máa lo igi ìjẹun méjì bí ti àwọn ará Éṣíà, àwọn kan máa fi ọwọ́ jẹ ẹ́, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ gbé bàsíà òkúta kan sí gbangba, kó lẹ́wà, kó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ní ti tọ́ílẹ́ẹ̀tì, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ má kọjú sí tábìlì ẹnikẹ́ni, kí wíńdò rẹ̀ ṣí síta, kí iná rẹ̀ má sì jẹ́ kí ojú èèyàn rí bí ojú aláìsàn nínú dígí. Ó tán.

Ìgbésẹ̀ kẹta: èéfín àti gáàsì

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí pẹ́, kí owó yín náà dúró síbẹ̀.

Wọ́ọ̀kì kì í ṣe páànù ìdín dòdò. Àwọn ará Ṣáínà tó ń sọ èdè Kántónì ní orúkọ fún adùn tí iná líle ń fún oúnjẹ inú rẹ̀, wọ́n ń pè é ní wok hei, ìyẹn èémí wọ́ọ̀kì. Èémí yẹn dùn lẹ́nu, àmọ́ epo tó ti di èéfín ni apá kan rẹ̀. Bí kò bá rí ọ̀nà òkè bá lọ, ara sílìn, ara aṣọ, àti irun àwọn oníbàárà ló máa lọ. Ní iṣẹ́ kan tí mo ṣe nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo so fìtílà oníbébà mẹ́wàá láti ẹnu ọ̀nà ibi ìdáná títí dé wíńdò. Kò pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi pọ́n bí bébà tí wọ́n fi wé àkàrà, eruku ọyẹ́ sì wá lẹ̀ mọ́ epo ara wọn. Mo tún owó iṣẹ́ yẹn dá padà, ẹ̀bi mi ni.

Ìbòrí èéfín tó wà lókè ààrò gbọ́dọ̀ gùn kọjá etí ààrò ní sẹ̀ǹtímítà 15 ó kéré tán ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí etí rẹ̀ nísàlẹ̀ wà ní nǹkan bíi mítà 2 sí ilẹ̀. Kó ní asẹ́ onírin tó ṣeé yọ fọ̀ pẹ̀lú omi gbígbóná àti ọṣẹ. Tí wọ́n bá ń lo wọ́ọ̀kì lójoojúmọ́, ọ̀sẹ̀ kan kò gbọdọ̀ kọjá kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Páìpù rẹ̀ máa gùn díẹ̀, kó má ní ìgbọ̀nwọ́ púpọ̀, kó yọrí kọjá òrùlé, kó má sì kọjú sí wíńdò aládùúgbò. Wẹ́dà tó bá ti ṣe ààrò búrẹ́dì rí lè ṣe é, àmọ́ ẹ dúró tì í nígbà tó bá ń jó o pọ̀: epo máa ń jò láti ojú ibi tí wọn kò jó dáadáa.

Afẹ́fẹ́ tó ń jáde gbọ́dọ̀ ní arọ́pò. Bí fáànù bá ń fa èéfín jáde, tí kò sì sí ibi tí afẹ́fẹ́ tútù ń gbà wọlé síbi ìdáná, á máa fa ti àwọn oníbàárà, ìyẹn ni pé atẹ́gùn ẹ́síì tí ẹ fi owó tù ló ń gba ojú òrùlé jáde. Ẹ ṣí ihò alásẹ́ kan sára ògiri ibi ìdáná tó kọjú síta. Ọ̀nà tí mo fi ń dán an wò rọrùn: mo máa ń di tíṣù kan mú sẹ́nu ọ̀nà tó wà láàárín ibi ìjẹun àti ibi ìdáná. Bí tíṣù náà bá rọra fì sọ́dọ̀ àwọn alásè, ó dáa, òórùn ata kò ní jáde wá. Bí ó bá fì sọ́dọ̀ oníbàárà, ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́.

Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá jò, ilẹ̀ ló ń bọ́ sí, tí á máa rìn bí omi lọ sí kòtò tàbí ojú gọ́tà. Nítorí náà ìta ni sílíńdà ń gbé, nínú àgọ́ onírin tó ní ìbòjì, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀. Inú ibi ìdáná náà gbọ́dọ̀ ní ihò afẹ́fẹ́ kan nísàlẹ̀ ògiri, ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀. Kí kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń pa gáàsì wà níbi tí ọwọ́ lè tó láìna ọwọ́ kọjá orí iná. Bí epo bá gbiná nínú wọ́ọ̀kì, gáàsì ni wọ́n máa kọ́kọ́ pa, ìdérí ni wọ́n máa fi bò ó. Omi kò gbọdọ̀ kàn án rárá, á fọ́n iná náà ká ni. Ẹ gbé ìdérí ńlá kan àti bùláńkẹ́ẹ̀tì ìpaná sí ibi tí alásè lè rí láìwẹ̀yìn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: iná

Gílóòbù tó pọ̀ jù lọ lọ́jà ni èyí tó funfun báláú, tí wọ́n kọ 6500K sí lára. Iyẹn dáa fún ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ 2700K tàbí 3000K sí, ó pọ́n díẹ̀ bí iná àtùpà elépo, á jẹ́ kí awọ dúdú wa máa dán, kí ọbẹ̀ sì rí bí ọbẹ̀. Bí ẹ bá tún rí i tí páálí rẹ̀ sọ pé CRI 90, ẹ rà á: ìyẹn ń sọ pé àwọ̀ oúnjẹ máa hàn bó ṣe rí gan-an, ata pupa kò ní dà bí ẹrẹ̀.

Ẹ má fi iná sílìn kan ṣoṣo tàn gbogbo ilé. Tábìlì kọ̀ọ̀kan nílò iná tirẹ̀ tó rọ̀ sílẹ̀, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà ní sẹ̀ǹtímítà 75 sí 80 sí ojú tábìlì. Àárín tábìlì gan-an ni kó wà, níbi tí gèlè kò ti ní kàn án. Ìkòkò amọ̀ kékeré tí amọ̀kòkò lu ihò sí lára kó tó sun ún ń ṣe ìbòrí iná tó dùn ún wò, kì í sì í jóná. Ẹ tún fi iná tín-tín-tín sẹ́yìn ìgò ní báà, àti sí ìsàlẹ̀ ògiri òkúta bí ẹ bá ní. Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ń gbà gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, èyí tó kù lè ṣókùnkùn. Kí súìṣì tí ń rọ iná sílẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé gílóòbù tí ẹ rà gbà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á máa ṣẹ́jú bí ẹni tí ata wọ̀ lójú.

Ẹ ṣírò kí ẹ tó ra inverter. Gílóòbù 24 tó jẹ́ wáàtì 7 lẹ́yọ̀ọ̀kan, 168 wáàtì ni. Tí wọ́n bá tàn fún wákàtí 6, nǹkan bíi kílówáàtì-wákàtí kan ni. Iná kì í ṣe ìṣòro. Fíríìjì, fìrísà àti fáànù èéfín ni kí ẹ rò. Fáànù èéfín gbọ́dọ̀ wà lórí inverter, nítorí bí iná bá lọ nígbà tí wọ́ọ̀kì mẹ́ta ń jó, láàárín ìṣẹ́jú méjì gbogbo ilé á máa wúkọ́. Ẹ́síì lè dúró de jẹnẹrétọ̀. Kí oníná fa wáyà ẹ́síì, fìrísà àti gílóòbù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: báà

Báà mítà 4 tó fún ilé kékeré, ó ń gba èèyàn mẹ́fà. Ojú rẹ̀ máa ga ní sẹ̀ǹtímítà 105 sí 110, àga rẹ̀ ní 75, kí itan lè rí ibi wọ̀. Ojú pákó náà gbọ́dọ̀ yọ síta ní 25 sí 30 fún orúnkún, kí irin ìgbẹ́sẹ̀lé wà ní nǹkan bíi 20 sí ilẹ̀. Láti ẹ̀yìn báà dé ibi tí ìgò wà, 90 ni. Ó gba ẹni méjì láti gba ara wọn kọjá láìṣépè. Mo máa ń jẹ́ kí ìpẹ̀kun kan wálẹ̀ sí 75 bí tábìlì gidi. Àwọn bàbá àti ìyá tí eékún ń dùn kò lè gun àga gíga, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ náà kò lè gùn ún, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn máa wo báà láti òkèèrè.

Dúró síbi tí olùpo ọtí máa dúró sí, kí o na ọwọ́. Yìnyín, ibi ìfọgíláàsì, pàǹtírí àti ọtí tí wọ́n ń bèèrè jù gbọ́dọ̀ wà láàárín ìṣísẹ̀ méjì. Ibi yìnyín nílò páìpù tí omi rẹ̀ ń gbà ṣàn lọ. Púpọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé rẹ̀, tí ẹ bá sì ti lẹ táìlì tán, ó di fífọ́. Bí ẹ bá fẹ́ máa fi ẹmu ṣe ọtí àdàlù pẹ̀lú ata ilẹ̀ àti koríko tíì, ó dùn o, ṣùgbọ́n ẹ ya fíríìjì kékeré kan sọ́tọ̀ fún un, nítorí ẹmu kì í dúró, kíkan ló ń kan lọ, ìgò tí wọ́n dé pa sì lè bú.

Ojú báà ni ìbá wù mí kí ẹ ti náwó. Pákó apá tàbí ìrókò tó gbẹ dáadáa máa pẹ́ ju yín lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù ní ìlú tí a ń pè ní Abẹ́-Òkúta ni térásò: sìmẹ́ńtì tí a po mọ́ ẹ̀rúnrún òkúta, tí a wá fi ẹ̀rọ lọ̀ títí tó fi ń dán. Òkúta pọ̀ nílẹ̀ yìí débi pé wọ́n fi ń pe ìlú. Kí ló dé tí a fi ń ra máàbù láti òkèèrè?

Ìgbésẹ̀ kẹfà: aṣọ, àwọ̀, àti ariwo

Mo ti dé orí epo tí mo ní mo máa sọ. Aró ni.

Ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta níbí, àwọn aláró ń di aṣọ ní ìko, wọ́n ń rán an ní abẹ́rẹ́, wọ́n sì ń fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sí i, kí aró má baà wọ ibi tí ọnà wà. Lọ sí Jàpáàn, ẹ máa bá iṣẹ́ kan náà: wọ́n ń di aṣọ, wọ́n ń rán an, wọ́n pè é ní shibori, àwọn mìíràn sì ń fi ẹ̀kọ ìrẹsì ya ọnà kí wọ́n tó rì í sínú aró. Láfún níhìn-ín, ìrẹsì lọ́hùn-ún, aró kan náà. Kò sẹ́ni tó kọ́ ẹnì kejì. Ṣé ẹ wá rí i pé a kò nílò dírágónì kankan? Gbé aṣọ oníko kan kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì pákó kan tó fún, gbé àwo ìrẹsì kan lé e, ẹni tó ti dé Kyoto ní Jàpáàn rí á rò pé ilé lòun wà, ẹni tó ti Kẹ́mtà ní Abẹ́òkúta wá náà á rò bẹ́ẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà ibi ìdáná ló yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Jàpáàn ń so aṣọ tí wọ́n là láàárín, tí wọ́n ń pè ní noren, sẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà. Ó ń bo ibi ìdáná lójú, olùgbóúnjẹ sì ń fi èjìká là á kọjá láìfi ọwọ́ kàn án. Ẹ ní kí télọ̀ rán àdìrẹ oníko sí bẹ́ẹ̀, kó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, kó rọ̀ láti òkè férémù. Ti ẹnu ọ̀nà ìta gbọ́dọ̀ kúrú ju ìyẹn lọ, ẹ rántí gèlè.

Aró máa ń ṣí o. Mo fi àdìrẹ tuntun bo ìrọ̀rí àga fún oníbàárà kan. Ní Sọ́ńdè kejì, màmá kan ti ṣọ́ọ̀ṣì dé pẹ̀lú lẹ́ẹ̀sì funfun, ó jókòó, ó jẹun, ó dìde. N kò lè sọ fún yín bí ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀sì yẹn ṣe rí. Nítorí náà, ẹ fi omi tútù ṣan àdìrẹ léraléra títí omi á fi mọ́, ẹ wá fi aṣọ funfun tó tutù fi ara rẹ̀ rin. Bí kò bá yí padà, ẹ lè lò ó. Mo ṣì fẹ́ràn kí ó wà lára ògiri ju kí ó wà lábẹ́ ìdí èèyàn lọ. Ẹ má gbé e sí ibi tí oòrùn ń bà, kó má baà ṣá.

Aṣọ lára ògiri tún ń ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ẹ dúró láàárín ilé tó ṣófo, kí ẹ pàtẹ́wọ́. Bí ó bá dáhùn gbà-gbà-gbà, nígbà tí èèyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n bá ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, á dà bí inú ọjà. Táìlì, dígí àti sìmẹ́ńtì ló ń ju ohùn padà. Kí káfíńtà ṣe férémù onípákó, sẹ̀ǹtímítà 120 sí 60, tó nípọn ní 5, kí ẹ kó rockwool, òwú tí wọ́n fi òkúta ṣe tí kì í gbiná, sínú rẹ̀, ẹ wá fi àdìrẹ bò ó. Mẹ́fà tàbí mẹ́jọ irú rẹ̀ lára ògiri tó kọjú sí báà máa mú ariwo wálẹ̀, ẹni tó sì wọlé á rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì ń gbiná kíákíá, ẹ má lò ó.

Ní ti ọ̀dà ara ògiri tó kù, àwọ̀ ilẹ̀ pupa wa tàbí ti amọ̀ ni mo máa ń kùn, kí aró lè yọ lára rẹ̀. Pupa rírẹ̀ dòdò jẹ́ àwọ̀ ayọ̀ àti oríire fún àwọn ará Ṣáínà, ṣùgbọ́n bí gbogbo ògiri bá jẹ́ pupa, èèyàn kì í jókòó pẹ́ níbẹ̀. Ibì kan tó.

Ìgbésẹ̀ keje: igi, ọparun, àti ohun tí kò yẹ

Ọparun pọ̀, kò wọ́n, àmọ́ kòkòrò fẹ́ràn adùn inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun lábẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, wọ́n ti wọ̀ ọ́. Ìgbà ẹ̀rùn ni kí wọ́n gé e, kí wọ́n rì í sínú omi borax àti boric acid, oògùn tí kì í jẹ́ kí kòkòrò jẹ ẹ́, kí wọ́n sá a níbòòji kó gbẹ. Àga kéènì dára, ó fúyẹ́. Ẹ jókòó sórí àga fún wákàtí kan kí ẹ tó ra ogún rẹ̀.

Ní ti ohun tí kò yẹ: orí Búdà. Mo bi obìnrin yẹn pé tí ó bá wọ báà kan ní Bangkok, tó wá rí ère Ọ̀ṣun lẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèsì bíà, báwo ló ṣe máa rí lára rẹ̀? Ohun ìjọsìn ni ère yẹn, inú àwọn ará Táílàndì kì í sì í dùn bí wọ́n bá rí i gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀ṣọ́ níbi ọtí. Ẹnu ọ̀nà pupa ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí a ń rí nínú àwòrán Jàpáàn, ojúbọ ni wọ́n ń gba ibẹ̀ wọ̀. Ẹ má fi ṣe ẹnu ọ̀nà tọ́ílẹ́ẹ̀tì bí mo ṣe rí i níbì kan. Bí àwọn òṣìṣẹ́ yín bá máa wọ aṣọ tó jọ kímónò, apá òsì ló ń bo apá ọ̀tún. Òkú ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ fún lódìkejì. Igi ìjẹun kò gbọdọ̀ dúró ṣánṣán nínú ìrẹsì, kódà nínú fọ́tò tí ẹ fi ń polówó, nítorí ìsìnkú ni ìyẹn ń rán wọn létí. Ẹ má sì kọ nọ́ńbà 4 gàdàgbà sára tábìlì: ní èdè Ṣáínà àti ti Jàpáàn, ó dún bí ikú.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ jẹun níbẹ̀ kí ẹ tó ṣí i

Ẹ pe èèyàn ogún tí kò ní bẹ̀rù láti bá yín sọ òótọ́. Kí wọ́n wá ní aago méje alẹ́, kí wọ́n wọ aṣọ òde, kí wọ́ọ̀kì gbogbo máa jó lẹ́ẹ̀kan náà. Ní àárín rẹ̀, ẹ pa iná ìjọba fúnra yín, kí ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ẹ jókòó sórí àga kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún: níbo ni ẹ́síì ti ń fẹ́ sí ọrùn, iná wo ló ń gún ojú, tábìlì wo ló ń mì? Kí ẹ sì gbóòórùn aṣọ yín nígbà tí ẹ bá délé.

Ní Òkè-Ìlewó, ohun mẹ́rin la yí padà lẹ́yìn alẹ́ yẹn. Ìkọ́ agbádá ga jù. Tábìlì ẹ̀gbẹ́ fìrísà kò gbọ́ ohùn ara wọn. Irin ìgbẹ́sẹ̀lé báà ń yọ̀. Wọ́n tún ní ibi ìfọwọ́ kò ní ibi tí èèyàn lè gbé fóònù sí. Fìtílà pupa mẹ́rìnlélógún yẹn, a lo mẹ́ta, lókè báà, níbi tó jìnnà jù lọ sí wọ́ọ̀kì. Ó fi mọ́kàndínlógún ṣe ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀, ó ní méjì ti ya.